NAS olójú mẹ́rin fún sítúdíò fọ́tò l'Abẹ́òkúta: bí ṣọ́ọ̀bù kan ní Pánṣẹ́kẹ́ ṣe bá mi to RAID sí i

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ṣe pàtàkì jù bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ń ya fọ́tò tàbí fídíò ìnáwó l'Abẹ́òkúta yìí, tí gbogbo iṣẹ́ àwọn kọ́sítọ́mà yín ṣì wà lórí àwọn háàdì dísìkì kéékèèké tí ẹ kó sínú dúrọ́ọ̀, ẹ tọ́jú owó kí ẹ ra NAS, ìyẹn àpótí dísìkì tí gbogbo kọ̀ǹpútà yín jọ ń lò lórí nẹ́tíwọọ̀kì, kí ẹ sì lọ rà á níbi tí wọ́n á ti ṣàlàyé nǹkan tí ẹ fẹ́ rà fún yín kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ yín. Mo rí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́. Iṣẹ́ wọn dáa gan-an, àwọn ibi kan sì wà tó kù díẹ̀ káàtó, gbogbo ẹ̀ ni mo máa sọ.

Ẹ̀rọ tí mo rà ni Synology DS923+, ó jáde ní 2022. Àpótí dúdú kékeré kan ni, ojú mẹ́rin ló ní tí wọ́n ń ti dísìkì bọ̀, mẹ́mórì 4GB ló bá wá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ECC tó máa ń tún àṣìṣe kéékèèké ṣe fúnra ẹ̀, pọ́ọ̀tù nẹ́tíwọọ̀kì méjì ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni ní tòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa tọ́jú fáìlì kó sì máa gbé e fún gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà lórí nẹ́tíwọọ̀kì yín. Dísìkì ò bá a wá o, ẹ̀yin lẹ máa ra ìyẹn lọ́tọ̀, owó ẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré, torí náà ẹ ṣírò ẹ̀ mọ́ ọn kí ẹ tó jáde nílé. Èmi fi Seagate IronWolf 4TB mẹ́rin sí i. Tí ẹ bá rò ó pọ̀, 16TB nìyẹn, ṣùgbọ́n iye tí ẹ máa rí lò gan-an wà lọ́wọ́ RAID tí ẹ bá mú, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ gbà to àwọn dísìkì náà pọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà kì í fẹ́ dé.

Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ò tíì dárúkọ owó kankan, ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún mi ná, tí dísìkì kan bá kú láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí ìyàwó tí ẹ ya ìgbéyàwó ẹ̀ ní Sátidé ti ń pè yín, kí lẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀?" Mo ní mi ò fẹ́ kó mọ̀ rárá pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó ní ó dáa, ká wá bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Ìbéèrè yẹn wú mi lórí o, torí gbogbo ọ̀rọ̀ RAID, orí ẹ̀ ló dá lé.

RAID ni pé kí wọ́n kó dísìkì mélòó kan pọ̀ kí kọ̀ǹpútà máa rí wọn bí ẹyọ kan ṣoṣo. Àkójọ yẹn ni wọ́n ń pè ní array. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti pẹ́, ní 1988 ni David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ní yunifásítì California tó wà ní Berkeley gbé e jáde nínú ìwé ìwádìí wọn, pé dípò kí àwọn ilé iṣẹ́ máa ra dísìkì ràgàjì kan tí owó ẹ̀ ga fíofío, kí wọ́n to èyí tó kéré tí owó ẹ̀ ò pọ̀ jọ, á sì yá jùyẹn lọ. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé bí dísìkì bá ṣe ń pọ̀ sí i náà ni ewu pé ọ̀kan nínú wọn máa kú ṣe ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tó fi pọn dandan kí ẹ fi ààyè kan sílẹ̀ nínú àkójọ yẹn fún ìdáàbòbò, kí ọ̀kan lè kú kí iṣẹ́ má dúró. Ààyè tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn lẹ fi ń sanwó ìfọ̀kànbalẹ̀, gbogbo nọ́ńbà RAID tí ẹ ń gbọ́ yìí ò ju iye tí ẹ fẹ́ san àti ohun tí ẹ máa rí gbà padà.

RAID 0 ò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ó máa gé fáìlì yín sí wẹ́wẹ́, á pín in sórí gbogbo dísìkì, wọ́n ń pè é ní striping, ó sì máa ń yá gan-an torí gbogbo dísìkì ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Pẹ̀lú dísìkì mi mẹ́rin, gbogbo 16TB ni ǹ bá rí lò. Ṣùgbọ́n bí ìgbà tí ẹ gé àdìrẹ Ìtòkú kan sí mẹ́rin tí ẹ pín in fún èèyàn mẹ́rin ló rí, ẹnì kan ṣoṣo sọ tiẹ̀ nù, ẹ ò ní aṣọ mọ́. Ọmọkùnrin yẹn ní òun ò ní bá ẹnikẹ́ni to RAID 0 fún iṣẹ́ kọ́sítọ́mà, àfi tí onítọ̀hún bá fẹ́ lò ó fún nǹkan tó lè pàdánù láìsunkún. Mo fara mọ́ ọn.

RAID 1 ni mirroring. Dísìkì méjì, ohun tí ẹ kọ sórí ọ̀kan náà ló máa wà lórí ìkejì, kò ní iye kankan tí wọ́n ń ṣírò. 4TB méjì á fún yín ní 4TB. Èèyàn á máa wò ó pé ìdajì owó òun ti lọ, ṣùgbọ́n fún ẹni tó jẹ́ fọ́tò nìkan ló ń yà, tí kì í ṣe fídíò, èyí gan-an ni màá sọ pé kó rà: àpótí olójú méjì, RAID 1, kó máa lọ. Kò sí ohun tó rọrùn tó o.

Parity, ìyẹn iye tí wọ́n ṣírò pa mọ́ kí wọ́n lè fi wá ohun tó bá sọnù padà, ló wá ṣòro díẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti gbádùn àlàyé wọn jù. Ó mú bébà, ó kọ 7 fún dísìkì kìíní, 5 fún ìkejì, ó ní kí ìkẹta wá gbé àròpọ̀ wọn, ìyẹn 12. Ó ní tí èyí tó gbé 7 bá kú ńkọ́? Ẹ yọ 5 kúrò nínú 12, 7 yín ti padà dé. Ìṣirò tí ẹ̀rọ ń ṣe gan-an kì í ṣe àròpọ̀, XOR ni, orí 0 àti 1 ló ti ń ṣe é: tí méjèèjì bá jọra á kọ 0, tí wọ́n bá yàtọ̀ á kọ 1. Ọgbọ́n tó wà ńdìí ẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti 7 àti 5 yẹn. Nígbà kan RAID 3 àti RAID 4 máa ń kó gbogbo parity sórí dísìkì kan ṣoṣo, kò sí nǹkan tí ẹ máa kọ tí ò ní kan dísìkì yẹn, ló bá di pé òun ló ń dá gbogbo àwọn yòókù dúró. RAID 5 pín parity yẹn káàkiri, olúkúlùkù gbé díẹ̀. Ó kéré tán dísìkì mẹ́ta lẹ nílò, ẹyọ kan lẹ máa pàdánù nínú ààyè yín, ẹyọ kan náà ló sì lè kú. Mẹ́rin tèmi ì bá fún mi ní 12TB.

Lóòótọ́, RAID 5 ló wà lọ́kàn mi kí n tó dé ibẹ̀, torí 12TB dùn létí. Àwọn ni wọ́n ní kí n rò ó sí RAID 6, èyí tó ń kọ parity oríṣi méjì, tí dísìkì méjì èyíkéyìí lè kú tí iṣẹ́ yín á ṣì wà. Dísìkì mẹ́rin ló kéré jù fún un, nínú mẹ́rin tèmi 8TB ló kù. Mo ní ìdajì ló lọ yẹn kẹ̀! Ó wá bi mí pé ṣebí ọjọ́ kan náà ni mo ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, inú ooru kan náà ni wọ́n jọ máa wà, ìgbà kan náà ni wọ́n jọ ń dàgbà, ṣé mo rò pé tí ọ̀kan bá kú àwọn yòókù á ṣì le bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni? Nígbà tí ọ̀kan bá sì kú tí ẹ fi tuntun sí i, àwọn tó kù gbọ́dọ̀ ka gbogbo ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí wọ́n tó lè kọ ohun tó wà lórí tuntun, wọ́n ń pè é ní rebuild, iṣẹ́ ńlá ni fún dísìkì tó ti gbó. Ohun kan tún wà tí èmi náà lọ kà nígbà tí mo délé: ọ̀pọ̀ dísìkì, àwọn tó ṣe é kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé nínú bíìtì 10^14 tí ẹ bá kà, ọ̀kan lè kọ̀ kó má ṣeé kà. Iye bíìtì yẹn tó nǹkan bí 12.5TB. RAID 5 oní 4TB mẹ́rin tó bá ń ṣe rebuild, 12TB ló máa kà. Kò túmọ̀ sí pé dandan ni kó ṣẹlẹ̀ o, òdiwọ̀n tó burú jù ni wọ́n kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí dísìkì kan ti kú, RAID 5 ò ní parity mìíràn tó máa fi tún un ṣe, RAID 6 ní. Bí mo ṣe mú RAID 6 nìyẹn, ẹ̀mí mi sì balẹ̀.

Àwọn kan á ní RAID 10 ńkọ́. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ so dísìkì ní méjì méjì bíi RAID 1, kí ẹ wá pín fáìlì káàkiri wọn bíi RAID 0. 8TB náà ló máa fún mi. Ó yá ju RAID 6 lọ tó bá di ká kọ nǹkan, rebuild ẹ̀ náà kì í pẹ́ torí ẹnì kejì ẹ̀ nìkan ló máa kà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé méjì tó jọ jẹ́ ìbejì ló kú, gbogbo ẹ̀ ti lọ. Fún ẹni tó ń lo dátábéèsì màá ní kó mú un, fún fídíò ìnáwó tí mo ń tọ́jú, RAID 6 ló wù mí. Mo tún bèèrè nípa hot spare, ìyẹn dísìkì tó kàn jókòó sínú àpótí láìṣe nǹkan kan títí ọ̀kan á fi kú kó tó gba ipò ẹ̀ fúnra ẹ̀. Wọ́n ní nínú àpótí olójú mẹ́rin kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́gbọ́n dání, torí RAID 5 mẹ́ta pẹ̀lú hot spare kan, 8TB náà ni, nígbà tí RAID 6 á fún yín ní 8TB kan náà tí ìdáàbòbò kejì sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ látọjọ́ kìíní. Ọ̀rọ̀ tó dán mọ́rán nìyẹn, ẹlòmíì ì bá ti bá mi to hot spare kó lè gba owó sí i.

Synology, ilé iṣẹ́ tó ṣe àpótí yìí, náà ní RAID tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SHR, tó dáa fún ẹni tí dísìkì ẹ̀ ò bára mu. Tí ẹ bá ní 4TB méjì àti 8TB méjì, RAID 5 á ṣe gbogbo wọn bíi 4TB, 12TB lẹ máa rí, SHR á fún yín ní 16TB. Tèmi bára mu, n ò nílò ẹ̀. Ohun tó tún múnú mi dùn ni pé sọ́fítíwíà Linux ló ń ṣe RAID inú àpótí yìí, kì í ṣe káàdì àkànṣe kan. Àwọn tó ń lo káàdì, tí káàdì yẹn bá jóná ọjọ́ kan, wọ́n á máa wá irú ẹ̀ káàkiri kí wọ́n tó lè rí fáìlì wọn. Èyí, tí àpótí bá bàjẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ kó dísìkì náà sínú Synology mìíràn, tàbí kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà Linux.

Ká wá sọ̀rọ̀ dísìkì fúnra ẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti gba máàkì lọ́wọ́ mi jù. Dísìkì oríṣi méjì ló wà, CMR àti SMR. SMR máa ń to ìlà tó ń kọ lé ara wọn díẹ̀ kí àyè lè pọ̀, tó bá wá di pé kó tún ohun tó ti kọ kọ, ó máa ń lọ́ra gan-an, rebuild orí ẹ̀ lè pẹ́ débi tí RAID á fi rò pé ó ti kú. Ní 2020 ni ilé iṣẹ́ Western Digital (WD) gbà ní gbangba pé àwọn kan nínú dísìkì WD Red wọn, tí wọ́n ń tà fún NAS, SMR ni, ariwo pọ̀ lórí ẹ̀ nígbà yẹn. Àwọn tèmi ní Pánṣẹ́kẹ́ ṣí sáìtì ilé iṣẹ́ tó ṣe dísìkì, wọ́n wo nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n fi hàn mí pé CMR ni. Wọ́n tún so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ka SMART ẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí dísìkì ń tọ́jú nípa ìlera ara ẹ̀, lójú mi kí n lè rí wákàtí tó ti ṣiṣẹ́, pé kì í ṣe èyí tí ẹnì kan ti lò ní ibòmíràn tí wọ́n wá fọ̀ tà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ mọ ìdí tí mo fi ń yìn wọ́n.

Lẹ́yìn tí wọ́n tò ó tán, kí n tó kó iṣẹ́ kankan sí i, wọ́n ní ká dán an wò. Fídíò kan ń ṣeré lórí láptọ́ọ̀pù látinú NAS, ọmọkùnrin yẹn fa dísìkì kẹta yọ láìpa ẹ̀rọ. Àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í ké píì píì, iná rẹ̀ yí padà, ó kọ ọ́ síta pé array ti wà ní degraded, fídíò ò dúró rárá. Degraded ni pé iṣẹ́ ń lọ ṣùgbọ́n ìdáàbòbò ti dín kù. Ó ti dísìkì padà, ó ní kó ṣe rebuild, ó gba wákàtí púpọ̀, alẹ́ ọjọ́ yẹn la fi sílẹ̀ tó sì parí lọ́jọ́ kejì. Kí ẹni tó bá fẹ́ ra irú ẹ̀ bèèrè fún ìdánwò yìí, lórí fáìlì tí kò já mọ́ nǹkan o, kì í ṣe lórí iṣẹ́ kọ́sítọ́mà.

Ibi tí wọ́n ti kùnà báyìí. Àkọ́kọ́, èmi ni mo mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ iná, wọn ò mẹ́nu bà á. L'Abẹ́òkúta! Tí iná bá lọ nígbà tí RAID ń kọ nǹkan, ó lè kọ fáìlì kó má tíì kọ parity ẹ̀, àwọn méjèèjì ò ní bára mu mọ́, ẹ sì lè má mọ̀ títí dísìkì kan á fi kú tí ẹ máa nílò parity yẹn, write hole ni wọ́n ń pè é. Ìnfátà nìkan ò tó, torí NAS ò mọ ìgbà tí bátìrì ìnfátà fẹ́ tán. UPS tó ní okùn USB ló yẹ kí ẹ so mọ́ ọn, kó lè sọ fún NAS pé iná ti lọ, kí NAS pa ara ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ kí bátìrì tó kú. Nígbà tí mo sọ ọ́, wọ́n tò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ó yẹ kó wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ fún gbogbo èèyàn. Ìkejì, rísíìtì tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi, "NAS àti háàdì 4" ni wọ́n kọ sí i. Ọdún mẹ́ta ni wáràntì IronWolf, nọ́ńbà sẹ́ríà ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa fi wá a, mo ní kí wọ́n tún un kọ, wọ́n sì tún un kọ láìbínú. Ìkẹta, wọn kì í tọ́jú dísìkì sílẹ̀, Èkó ni wọ́n ti máa ń lọ gbé e wá, ó sì fi tèmi falẹ̀. Ẹ ra ọ̀kan lé sí i kí ẹ fi pamọ́, kí ẹ má bàa wà ní degraded tí ẹ ń retí mọ́tò láti Èkó.

Ohun tí wọ́n sọ tí mo fẹ́ kí gbogbo onífọ́tò Abẹ́òkúta gbọ́ ni pé RAID kì í ṣe backup. Ó ń gbà yín lọ́wọ́ dísìkì tó kú, ó parí. Tí ọmọ iṣẹ́ yín bá pa fóódà kan rẹ́, orí gbogbo dísìkì ló ti máa pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa bá wọlé, gbogbo ẹ̀ ló máa tì. Tí olè bá gbé àpótí, tí omi bá wọ ṣọ́ọ̀bù yín, kí ni parity fẹ́ ṣe? Peter Krogh, tí òun náà jẹ́ onífọ́tò, ló jẹ́ kí òfin 3-2-1 gbajúmọ̀: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí nǹkan oríṣi méjì, kí ọ̀kan wà ní ibòmíràn. Wọ́n bá mi tan snapshot, tí mo fi lè padà sí bí fóódà ṣe rí lánàá, wọ́n tún fi sọ́fítíwíà Hyper Backup sí i kó máa kọ ẹ̀dà sórí háàdì USB kan tó ń bá mi lọ sílé ní Ọbáńtókò. Gbígbé gbogbo ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wọ́n fún mi, dátà tó máa jẹ ò kéré, àwọn fọ́tò tí mo ti ṣe tán nìkan ni mo ń gbé lọ síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ti ìlò ojoojúmọ́, ó dáa. Okùn ni kí ẹ lò o, ẹ má lo Wi-Fi tí ẹ bá fẹ́ ṣe edit látorí ẹ̀. Pọ́ọ̀tù 1Gb ẹ̀ ò lè kọjá 125MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí ìwé, ó ń sún mọ́ ọn, ó tó fún fọ́tò àti fídíò tí wọ́n ti fún pọ̀, ẹni tó bá ń lo fídíò RAW ńlá á fẹ́ ra káàdì 10Gb tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀. Dísìkì máa ń dún kùkù díẹ̀, ẹ má gbé e sí ibi tí ẹ ti ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ má sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ooru ìlú yìí ò dáa fún un.

Màá fún ẹ̀rọ yìí ní mẹ́rin àbọ̀ nínú márùn-ún, ṣọ́ọ̀bù yẹn mẹ́rin. Tí ẹ bá fẹ́ lọ síbẹ̀ tàbí ibòmíràn ní Kútọ̀ tàbí Ìbarà, ẹ kọ iye TB tí iṣẹ́ yín ń jẹ lóṣù sórí bébà dání, ẹ ní kí wọ́n fi SMART hàn yín, kí wọ́n kọ nọ́ńbà sẹ́ríà sórí rísíìtì, kí wọ́n sì ti owó UPS mọ́ ìdíyelé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó jáde nílé, ọjọ́ Sọ́ńdè wọn kì í ṣí.